Kílíìpù tó já nínú họ́ọ̀bù iwájú: ṣé táyà lè tìdí rẹ̀ yọ?

Ìbéèrè: "Ọ̀gá wa, okun o. Hilux àtijọ́ kan ni mo fi ń kó iṣu àti kaṣú láti oko wá sí Ìsánlú. Irú èyí tí a máa ń fi ọwọ́ yí họ́ọ̀bù iwájú rẹ̀ sí FREE tàbí LOCK ni. Láti ìgbà tí òjò ti dé ni mo ti ń gbọ́ ìró 'kà, kà' ní ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú nígbàkúùgbà tí mo bá wọ fọ́ọ̀-wíìlì. Mẹkáníìkì mi tú họ́ọ̀bù náà, ó sì rí i pé òrùka irin kékeré tó wà lórí ṣáàfù ti já sí méjì. Ó ní òun lè fi wáyà líle rọ́pò rẹ̀, tàbí kí a má tilẹ̀ fi nǹkan kan síbẹ̀ mọ́, torí pé ìdérí họ́ọ̀bù yóò dá ṣáàfù dúró. Ẹlòmíràn ní Kàbbà sọ pé kí n má ṣe gbé ọkọ̀ náà kúrò lójú kan, pé táyà lè yọ lórí ìrìn, àti pé odindi họ́ọ̀bù méjèèjì ni kí n rà. Owó họ́ọ̀bù méjì kò sí lọ́wọ́ mi báyìí. Ta ni kí n gbọ́ nínú wọn?"

Okun o. Mo ka lẹ́tà yín dáadáa, ohun méjì ni mo sì rí tó ń jẹ yín lọ́kàn: ẹ̀rù ń bà yín pé táyà lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ kò sì fẹ́ ná owó tí kò yẹ kí ẹ ná. Kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́. Kílíìpù yẹn, ìyẹn òrùka irin kékeré tó já náà, kọ́ ló di táyà mú. Bí ó bá tilẹ̀ já pátápátá tí ó sì dàwátì, táyà yín kò ní tìtorí rẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí ẹ fi wáyà sí i, tàbí kí ẹ yọ ọ́ sọnù, kò dára, nítorí pé iṣẹ́ tí kílíìpù náà ń ṣe, kò sí ohun mìíràn nínú họ́ọ̀bù tó lè bá a ṣe é. Ní ti ríra họ́ọ̀bù méjì, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, àmọ́ àyẹ̀wò kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìpinnu yẹn, n óò sì ṣàlàyé rẹ̀ bí a bá ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí ṣe rí nínú, nítorí ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn ti ṣìnà. Ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irin gbọọrọ kan wà tó ní ihò láàrin, tí ìdí rẹ̀ dè mọ́ ara ẹsẹ̀ ọkọ̀. Lórí irin oníhò yìí ni béárìn méjì jókòó sí, lórí béárìn méjèèjì ni wíìlì sì ti ń yí. Ohun tó ń dá wíìlì dúró kí ó má bàa bọ́ ni nọ́ọ̀tì ńlá méjì tí a dè sẹ́nu irin oníhò náà, tí ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, pẹ̀lú wáṣà pẹlẹbẹ kan láàrin wọn tí a ká etí rẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì kí wọ́n má bàa tú. Sókẹ́ẹ̀tì 54 ni wọ́n fi ń tú u. Ẹni tí ẹ̀rù táyà bá ń bà, nọ́ọ̀tì méjì yìí àti béárìn ni kí ó fojú sí. Ṣáàfù ní tirẹ̀ ti ọ̀dọ̀ difurẹ́ńṣà, àpótí gíà tó wà láàrin ẹsẹ̀ méjèèjì, wá, ó gba inú ihò irin yìí kọjá, ó sì yọ orí síta níbi tí eyín yí i ká. Apá inú họ́ọ̀bù, tó ní eyín tirẹ̀, ni a kì bọ eyín ṣáàfù yìí. Apá òde họ́ọ̀bù wà lára wíìlì, nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló sì dì í mú síbẹ̀. Bí ẹ bá yí bọ́tìnnì sí FREE, apá inú àti apá òde kò ní nǹkan kan ṣe pọ̀: wíìlì ń yí, ṣáàfù dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá yí i sí LOCK, irin kan yóò rọra wọ àárín wọn, wọn yóò di ọ̀kan, agbára ẹ́ńjìnnì yóò sì lè gba ara ṣáàfù dé táyà.

Orí ṣáàfù gan-an ni kílíìpù wà, nínú poro tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gé yí i ká, ní iwájú apá inú họ́ọ̀bù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí ṣáàfù sá padà sínú. Ìtàn ìdérí họ́ọ̀bù tí mẹkáníìkì yín sọ wó lulẹ̀ níbí yìí. Òótọ́ ni pé ìdérí wà lóde, ó sì kọjú sí orí ṣáàfù, ṣùgbọ́n ìta kọ́ ni ṣáàfù ń fẹ́ lọ. Bí ó bá fẹ́ jáde síta, èjìká rẹ̀ tó nípọn wà lẹ́yìn irin oníhò tí yóò dá a dúró. Inú ni ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí, kò sì sí bí ìdérí tó wà lóde ṣe lè di ohun tó ń sá lọ sínú mú. Ìdérí náà kì í tilẹ̀ ṣe irin tó nípọn. Alumíníọ́ọ̀mù ni nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, eruku àti omi ni wọ́n fi í dí, òun ló sì gbé bọ́tìnnì dání. Bí ṣáàfù bá ti sá sínú díẹ̀, ẹnu eyín rẹ̀ nìkan ni yóò kù tí ó wọ inú eyín họ́ọ̀bù. Gbogbo agbára tó yẹ kí eyín gígùn gbé yóò wá bọ́ sórí ẹnu eyín yẹn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni CV joint tó wà lẹ́yìn, ìyẹn oríkèé tó ń jẹ́ kí ṣáàfù lè tẹ̀ bí táyà bá ń yà sí ẹ̀gbẹ́, yóò máa fara gbo ibi tí kò yẹ, síìlì tó ń dá gírísì dúró yóò sì máa jò. Owó kílíìpù kan wá di owó ṣáàfù àti họ́ọ̀bù.

Ní ti wáyà, mo mọ ohun tó fà á tí ó fi wá sọ́kàn mẹkáníìkì yín, nítorí pé lójú, òrùka irin ni òrùka irin. Ṣùgbọ́n irin sípíríńgì ni wọ́n fi ṣe kílíìpù, wọ́n gé etí rẹ̀ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó lè fi gbogbo ara kọ ògiri poro láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wáyà rí róbótó. Ojú kan ṣoṣo ni róbótó fi ń kan ògiri tó tẹ́, bí ìwúwo bá sì dé sórí rẹ̀, yóò máa gun ògiri náà jáde ni, yóò máa bó etí poro bí ó ti ń lọ. Wáyà tí a lè fi puláyà tẹ̀ kì í ní agbára láti fún ara rẹ̀ mọ́ ṣáàfù. Nígbà tí ó bá yọ, inú họ́ọ̀bù tí irin ti ń yí ni yóò já sí. Mo ti ṣí họ́ọ̀bù tí wọ́n fi ìṣó tí a tẹ̀ sí ibi kílíìpù. Ìṣó náà kò sí lójú àyè rẹ̀ mọ́, àárín eyín irin tó ń wọ LOCK ni mo ti bá a, ó ti tẹ́, ó sì ti kán eyín mẹ́ta. Ẹni tó ni ọkọ̀ rò pé họ́ọ̀bù òun ni kò dára.

Ìró tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá wọ fọ́ọ̀-wíìlì lè jẹ́ ti àwọn àfọ́kù kílíìpù náà tàbí ti ṣáàfù tó ń rìn síwá sẹ́yìn. Ó tún lè jẹ́ ti CV joint tó ti jẹ. Ọ̀nà tí ẹ óò fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni pé lẹ́yìn tí kílíìpù tuntun bá ti wọlé, kí ẹ wọ fọ́ọ̀-wíìlì lórí ilẹ̀ yanrìn tàbí koríko, kí ẹ yí sítiárìn dé ìpẹ̀kun, kí ẹ sì rọra rìn. Bí ó bá ṣì ń dún bí ẹ ṣe ń yí, tí kò sì dún nígbà tí ẹ bá ń lọ gbọọrọ, CV joint ni.

Mo wá dé ibi tó ṣe pàtàkì jù lójú mi, èyí tí àwọn méjèèjì kò bá yín sọ: kí ló já kílíìpù náà? Kílíìpù tó wà lójú àyè rẹ̀, tí nípọn rẹ̀ bá ọkọ̀ mu, máa ń pẹ́ gan-an. Bí ó bá já, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ohun mìíràn ti ń tì í láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ óò ra tuntun, ẹ óò fi sí i, òun náà yóò sì já, bí a kò bá wá ìdí rẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ fura sí ni pé kílíìpù àtijọ́ ni wọ́n dá padà lẹ́yìn iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe sí ẹsẹ̀ yẹn, bóyá nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ béárìn tàbí ṣe bíréèkì. Láti yọ kílíìpù, a ní láti fẹ ẹnu rẹ̀ kí ó lè gba orí ṣáàfù kọjá. Bí ẹni tó ń yọ ọ́ kò bá ní puláyà kílíìpù, tí ó fi sukurudáfà méjì gbò ó jáde, yóò fẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tó yẹ. Ó rí bíi rọ́bà ṣòkòtò tí a ti fà jù: a lè dá a padà sí ibi tí ó wà, ṣùgbọ́n kò ní fún mọ́. Irú kílíìpù bẹ́ẹ̀ a máa mì nínú poro, ìmì yẹn ni yóò sì já a nígbẹ̀yìn.

Ohun kejì ni béárìn wíìlì tó ti dẹ̀. Bí wíìlì bá ń mì, họ́ọ̀bù tó wà lára rẹ̀ ń mì pẹ̀lú, apá inú rẹ̀ yóò sì máa fi ẹ̀gbẹ́ gbá kílíìpù ní gbogbo ìgbà tí táyà bá wọ kòtò. Nínú irin oníhò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, búṣì idẹ kan tún wà tó ń di ṣáàfù mú sí àárín. Bí ó bá ti jẹ, ṣáàfù kò ní dúró láàrin mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan kílíìpù ni yóò sì máa gbé gbogbo ẹrù. Ní agbègbè wa, mo fẹ́ kí ẹ fura sí omi pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó ń la odò kékeré kọjá lọ sí oko nígbà òjò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná tí ó sì ki í bọ omi tútù, máa ń fa omi sínú họ́ọ̀bù bí gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí rẹ̀ bá ti gbó. Ẹ óò rí gírísì tó ti pàwọ̀ dà sí funfun tàbí sí pupa ìpẹtà. Bí ọyẹ́ bá wá dé, eruku ọ̀nà oko yóò dà pọ̀ mọ́ ohun tó kù níbẹ̀, ìyẹn yóò sì máa fá irin.

Ìdí kẹta kan ọ̀nà tí a ń gbà wa ọkọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó bí yín nínú pé mo béèrè: nígbà tí ẹ bá jáde láti inú ẹrẹ̀ oko tí ẹ sì gun ojú títì ọlọ́dà, ṣé ẹ máa ń yọ fọ́ọ̀-wíìlì? Nínú Hilux irú tiyín, bí fọ́ọ̀-wíìlì bá ti wọlé, ńṣe ni ṣáàfù iwájú àti ti ẹ̀yìn di ara wọn mú. Kò sí difurẹ́ńṣà láàrin wọn tó lè jẹ́ kí ọ̀kan yára ju èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀, ní kọ́nà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Lórí ẹrẹ̀ tàbí yanrìn, táyà yóò yọ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ náà yóò sì tán síbẹ̀. Lórí títì ọlọ́dà, táyà kò rí àyè yọ̀, nítorí náà ìlọ́ra náà yóò wà nínú ṣáàfù, nínú eyín họ́ọ̀bù àti nínú gíà, yóò máa pọ̀ sí i ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti rí i pé sítiárìn ń wúwo ní kọ́nà, tí ọkọ̀ ń ṣe bí ẹni pé ẹnì kan di bíréèkì mú, tàbí tí ọ̀pá fọ́ọ̀-wíìlì kọ̀ láti jáde, ohun tí mo ń wí nìyẹn. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Ìsánlú dé Mọ̀pà ti fi ìyà tó pọ̀ jẹ ẹsẹ̀ iwájú.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ jókòó ti mẹkáníìkì yín, kí ẹ wo ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ gba àwọn àfọ́kù kílíìpù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì wo ojú ibi tó ti já nínú oòrùn. Bí ojú náà bá ń dán láti etí dé etí, ìgbà kan ṣoṣo ló já. Bí apá kan bá dúdú tàbí tí ó ti dípẹtà, tí apá kejì sì ń dán, ó ti sán tipẹ́ kí ó tó já. Ìyẹn fi hàn pé ohun kan ti ń gbá a díẹ̀díẹ̀. Èkejì, ẹ nu poro orí ṣáàfù mọ́ tónítóní, kí ẹ fi èékánná wọ́ ọ yí ká. Ó yẹ kí èékánná yín kọ́ etí tó mú, tó dúró ṣánṣán, ní gbogbo àyíká rẹ̀. Bí ó bá ń yọ̀ jáde níbì kan, tí etí ibẹ̀ ti rọ̀ tàbí tí ó ti ya, kílíìpù tuntun kò ní rí ibi tí yóò fara tì. Lórí ohun tí èékánná yín bá sọ ni gbogbo ìpinnu owó yín dá lé. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ó gbé ẹsẹ̀ náà sórí jáàkì, kí ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ó sì mì í. Bí ó bá ń dún tàbí tí ó ń rìn, béárìn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣíṣẹ̀lì àti òòlù gbá nọ́ọ̀tì ńlá yẹn. Irun irin tó ń bọ́ lára rẹ̀ yóò wọ béárìn, béárìn tuntun yóò sì bàjẹ́ kí ó tó pẹ́. Bí sókẹ́ẹ̀tì 54 kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ yá a níbòmíràn.

Bí poro bá dára, tí béárìn kò sì mì, iṣẹ́ tó kù kò le. Ẹ fi òkúta dènà táyà ẹ̀yìn, ẹ yí bọ́tìnnì họ́ọ̀bù sí FREE, kí ẹ tó tú ìdérí. Nínú Hilux irú ọjọ́ yẹn, sípánà 10 ló ń tú bóòtù ìdérí, 12 ló sì ń tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó di họ́ọ̀bù mú. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nọ́ọ̀tì mẹ́fà yẹn ni wáṣà kékeré kan wà tó rí ṣóńṣó tó sì là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n máa ń di mọ́ ihò wọn pinpin. Ẹ fi irin idẹ àti òòlù kan họ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi tú. Ẹ má ṣe fi òòlù lu orí ṣáàfù. Ẹ kó gbogbo wáṣà náà jọ sínú abọ́, nítorí bí ọ̀kan bá sọnù, nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò ní dì dáadáa, họ́ọ̀bù yóò sì máa mì. Gbogbo àfọ́kù kílíìpù ni kí ẹ wá rí. Ẹ tò wọ́n pọ̀ lórí aṣọ, bí wọn kò bá ṣe odindi òrùka, ẹ tún fọ inú họ́ọ̀bù títí ẹ óò fi rí èyí tó kù.

Ohun tó máa ń dá àwọn ènìyàn lágara jù ni fífi kílíìpù tuntun wọlé, nítorí pé ṣáàfù ti sá sínú díẹ̀, poro sì ti fara pamọ́ sábẹ́ apá inú họ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ pé kílíìpù kò bá a mu. Ẹ wo àárín orí ṣáàfù, ẹ óò rí ihò kan tó ní rẹ́ẹ̀dì, ìlà yíyí tí bóòtù ń wọ̀, nínú. Ẹ wá bóòtù tí fífẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, tó gùn díẹ̀, ẹ dè é sínú ihò náà pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ sì fi fa ṣáàfù síta. Poro yóò jáde síta. Ẹ fi puláyà kílíìpù fẹ ẹnu kílíìpù níwọ̀n tí ó kàn lè gba orí ṣáàfù kọjá, kí ẹ jẹ́ kí ó wọ poro. Bí ẹ bá wo kílíìpù náà dáadáa, ẹ óò rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan mú létí, èkejì sì rọ̀ díẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe gé e. Ẹ̀gbẹ́ tó mú ni kí ó kọjú síta, kí ó lè fi etí rẹ̀ gún ògiri poro. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sukurudáfà tì í kí ó yí nínú poro. Bí ó bá yí ká láìkọ́ níbì kan, ó ti jókòó. Bí ó bá kọ̀, apá kan rẹ̀ ṣì wà lóde poro, yóò sì fò jáde lọ́jọ́ tí ẹrù bá wọ̀ ọ́.

Gírísì tín-ín-rín ni họ́ọ̀bù ń fẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa gbà pé bí gírísì bá ti pọ̀ tó ni irin yóò ṣe pẹ́ tó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kún inú họ́ọ̀bù bámúbámú, irin tó ń rọra wọ LOCK kò ní lè wọlé dé ìdí. Eyín rẹ̀ yóò wá fi ẹnu nìkan kọ́ ara wọn, wọn yóò sì máa fò lábẹ́ ẹrù. Ẹ pa á ní ìbò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí, kí ẹ sì dè é níwọ̀nba. Bóòtù ìdérí kéré. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára dè é yóò já a.

Níbi rírà, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Àwọn tó ń tà á yóò sọ fún yín pé èyíkéyìí tó bá ti wọ ṣáàfù ti tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ṣáàfù mu, nípọn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá poro mu. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú wọn kọ̀ọ̀kan ń dá lọ sókè sódò, ilé iṣẹ́ tilẹ̀ ṣe kílíìpù ní oríṣiríṣi nípọn tí ìyàtọ̀ wọn kò tó mìlímítà kan, kí ẹni tó ń fi í sí i lè yan èyí tí yóò dín ìrìn ṣáàfù kù láìfún un pa. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ṣáàfù yóò máa sọ sẹ́yìn sọ síwájú. Nítorí náà, ẹ mú àfọ́kù tiyín dání lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ óò rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ní Kàbbà, ní Lọ́kọ́ja tàbí ní Ìlọrin, kí ẹ sì fi kálípà, irin tí a fi ń wọn nípọn nǹkan, wọn àfọ́kù náà àti tuntun. Ẹ má ṣe gbójú lé ti ẹsẹ̀ òsì láti fi ṣe ìwọ̀n, nítorí wọ́n lè ti fi ti nípọn mìíràn síbẹ̀. Bí ẹ bá ń rán ènìyàn lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ fún un ní àfọ́kù náà àti nọ́ḿbà ẹ̀ńjìnnì àti ti férémù ọkọ̀. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra kílíìpù tòkunbọ̀. Mo máa ń ra họ́ọ̀bù tòkunbọ̀, mo máa ń ra ṣáàfù tòkunbọ̀, àmọ́ kílíìpù tí a ti fẹ̀ yọ lára ọkọ̀ mìíràn ti lo ipá tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ra méjì tuntun, kí ẹ pààrọ̀ ti òsì pẹ̀lú.

Bí ó bá wá jẹ́ pé poro ti bàjẹ́ ńkọ́? Níbẹ̀ ni owó ti ń wọ̀ ọ́, kò sì sí ọ̀nà kan tó dára ní gbogbo ọ̀nà. Ṣáàfù tòkunbọ̀ tó ní poro tó mú ni mo máa ń yàn, nítorí ibi tó bàjẹ́ gan-an ni yóò tún ṣe, họ́ọ̀bù yín yóò sì wà bẹ́ẹ̀. Ríra họ́ọ̀bù méjì kò ní ràn yín lọ́wọ́ rárá bí ó bá jẹ́ pé ara ṣáàfù ni àìsàn wà. Àwọn kan máa ń yọ họ́ọ̀bù kúrò, wọn a fi fíláńjì tó di ṣáàfù àti wíìlì pọ̀ títí láé síbẹ̀. Ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kéré, kò sì sí pé ẹnì kan gbàgbé láti yí bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ṣáàfù iwájú yóò máa yí ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, CV joint yóò máa gbó lórí títì tí kò ti níṣẹ́ ṣe, epo tí ọkọ̀ ń mu yóò sì lé díẹ̀. Fíláńjì náà sì tún ń lo kílíìpù lórí ṣáàfù kan náà, nítorí náà kò tilẹ̀ gbà yín lọ́wọ́ poro tó bàjẹ́. Fún ẹni tó ń lọ oko lójoojúmọ́ nínú ẹrẹ̀, mo lè fara mọ́ ọn. Fún ẹni tó ń rin títì ju oko lọ, n kò rò pé ó yẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wẹ́dà jó ṣáàfù mọ́ họ́ọ̀bù, ẹ kọ̀ ọ́. Iná yẹn yóò ba líle irin ṣáàfù jẹ́ níbi tó ti ń gbé agbára, kò sì ní ṣeé tú mọ́ lọ́jọ́ tí béárìn bá fẹ́ àtúnṣe.

Ní báyìí ná, kí kílíìpù tuntun tó dé, ẹ lè wa ọkọ̀ náà lórí títì láìwọ fọ́ọ̀-wíìlì, bí ẹ bá ti kó gbogbo àfọ́kù kúrò, tí ẹ yí họ́ọ̀bù méjèèjì sí FREE, tí béárìn kò sì mì. Ṣáàfù kò ní yí, nítorí náà kò ní sí ẹrù lórí eyín. Ẹ má ṣe pẹ́ lórí rẹ̀, torí ṣáàfù tí nǹkan kan kò dì mú yóò máa rìn sínú bí ọkọ̀ ti ń bọ́ sí kòtò, ẹ má sì ṣe kó ẹrù iṣu gba ọ̀nà oko tí ẹ mọ̀ pé ẹ óò nílò fọ́ọ̀-wíìlì níbẹ̀. Bí ẹ bá ti há sínú ẹrẹ̀, wíwọ fọ́ọ̀-wíìlì pẹ̀lú họ́ọ̀bù kan tó ní kílíìpù àti èkejì tí kò ní ni yóò ba ọkọ̀ jẹ́.

N kò rí ọkọ̀ náà, mo sì ń dáhùn lórí ohun tí ẹ kọ nìkan. Gbogbo ohun tí mo sọ wà fún Hilux tí a ń fi ọwọ́ yí họ́ọ̀bù rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó jáde láti nǹkan bí 2005 wá, kò sí họ́ọ̀bù báyìí mọ́. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ni wọ́n fi di orí ṣáàfù mú, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì yẹn sì kan béárìn tààrà, nítorí náà kí ẹni tó ní irú rẹ̀ má ṣe tẹ̀ lé àlàyé yìí. Ẹni tó ní Mitsubishi L200 àtijọ́ yóò bá kílíìpù tó fara jọ èyí, ṣùgbọ́n wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń díwọ̀n ìrìn ṣáàfù lè wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ó sọnù.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, tí ẹ sì ti lọ sí oko tí ẹ ti bọ̀, ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀bù méjèèjì. Bí ti ọ̀tún bá gbóná ju ti òsì lọ dáadáa, béárìn tàbí bíréèkì ẹsẹ̀ yẹn ni kí mẹkáníìkì yín tún wò. Kí ó tún fi sípánà 12 kan nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí wáṣà ṣóńṣó máa ń jókòó sí i lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, nọ́ọ̀tì a sì dẹ̀. Bí èékánná yín bá bá ibi tó ti rọ̀ ní etí poro, ẹ kọ̀wé sí mi padà kí ẹ tó náwó, kí ẹ sọ bí ó ti gùn tó àti ẹ̀gbẹ́ tó wà, tinú tàbí tòde.